Ìyẹ̀fun Tó Jẹ́ Orúkọ Ṣáájú Ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín ló lè sọ fún mi ohun tó mú kí àwọn àgbà Òkè-Ìdùn máa wí pé, "Ẹni tó gbé ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n ọmọ, kó wá orúkọ fún un"?

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Bí ẹnìkan bá dáwọ́ lé ohun tí apá rẹ̀ kò ká, tó wá ń wá ọ̀nà àtisá, òwe yẹn ni wọ́n máa ń pa fún un. Bí ọkùnrin kan bá parọ́ fún àna rẹ̀ pé òun ní oko kòkó, tí àna sì ní òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́la, òwe yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi yín pé ìyẹ̀fun wo, ọmọ ta ni, ẹ ó máa wo ara yín lójú. Ẹ rò pé àwọn baba ńlá wa ló pa á. Baba ńlá ta ni? Ṣé baba ńlá tiyín ní òṣùwọ̀n ọmọ nílé ni? Òwe náà kò tíì pẹ́ rárá. Púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ lára ìyẹ̀fun náà ṣì wà láyé, èmi tí mo sì ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn. Ẹ jókòó dáadáa.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ìdùn tí à ń pè ní Ìyá Àrínọlá. Àádùn ló ń ṣe. Á yan àgbàdo títí òórùn rẹ̀ á fi gba àdúgbò, á lọ̀ ọ́ kúnná, á jọ̀ ọ́, á wá fi epo pupa àti iyọ̀ àti ata díẹ̀ pò ó, á sì dì í sínú ewé. Ẹ mọ àádùn, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó lá ewé. Mo ti rí olóyè tó lá ewé ní gbangba, tí kò sì bojú wẹ̀yìn.

Nítorí ìdí èyí, kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ nílùú wa tí kì í ṣe àádùn Ìyá Àrínọlá ni wọ́n fi kàn án létè kí ayé rẹ̀ lè dùn. Èmi àti àwọn àbúrò mi, ọ̀rẹ́ wa àti ọ̀tá wa, òun ló dùn mọ́ gbogbo wa lẹ́nu ká tó mọ ohun tí ayé ń jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin náà bí, òun ni Àrínọlá. Àrínọlá lọ sí Kánádà, ó ríṣẹ́ níbẹ̀, ó lọ́kọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ, ojú fóònù nìkan ni ìyá rẹ̀ ti ń rí i. Wọ́n béèrè fíìsà fún ìyá kó lè lọ wò ó, wọn ò fún un. Wọ́n tún béèrè, wọ́n ní kó lọ dúró ná. Àárò ọmọ yìí wá ń sọ ọ́ gidigidi, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á ní, "A dúpẹ́, àárò Àrínọlá ń sọ mí." Bí oníbàárà bá ní iyọ̀ pọ̀ jù nínú tòní, á ní àárò ni. Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Nígbà tó yá, Àrínọlá bímọ. Obìnrin ni, lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo àdúgbò dìde, a jó débi tí ajá fi sá lọ sóko. Lálẹ́, Ìyá Àrínọlá di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo ọmọ náà tó sùn, ojú rẹ̀ fún pọ̀, orí rẹ̀ kún fún irun.

Ó ní, "Báwo ló ṣe wúwo tó, Àrínọlá?"

"Kìló mẹ́ta ó lé díẹ̀, Màámi."

"Mi ò bi ọ́ ní kìló. Bí èèyàn bá pọ̀n ọ́n, báwo ló ṣe ń wúwo?"

Àrínọlá wo ọmọ náà. Ó ní, "Ó ń wúwo bí ọmọ tuntun, Màámi."

Ìyá ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ ìlú yìí ni mo ti pọ̀n rí, mi ò mọ ìwúwo tèmi." Ó sì sunkún díẹ̀, ọkọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà rọ omi sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni Àrínọlá pè padà, tó sì fa wàhálà tí mo fẹ́ sọ fún yín lẹ́sẹ̀. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn yóò sọmọ lórúkọ. Ó ní òun rí iyọ̀, òun rí oyin, òun rí orógbó pàápàá, ṣùgbọ́n òun kò ní fi àádùn ẹlòmíràn kan ètè ọmọ òun. Tìyá òun ni òun fẹ́. Kí ẹ má sì sọ pé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ó tó débẹ̀, ọmọ á ti máa rìn.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣe é fúnra rẹ. Ìyẹ̀fun igbá kan, epo ìgbákọ méjì."

"Igbá wo, Màámi?"

"Igbá mi."

"Igbá yín wà ní Òkè-Ìdùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Wò ó." Ó sì gbé igbá náà súnmọ́ fóònù dáadáa kí ọmọ rẹ̀ lè fi wọn ìyẹ̀fun.

Àrínọlá mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú lóru. Òun fi ife kan wọn ìyẹ̀fun, àádùn náà ń ṣàn. Òun fi ife mìíràn wọ̀n ọ́n, ó le débi pé eyín ọkọ òun ń mì títí di bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Òun tẹ ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀ nínú ife, ó gba púpọ̀. Òun jọ̀ ọ́ kí òun tó bù ú, ó gba díẹ̀. "Ife ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, Màámi. Òṣùwọ̀n kékeré kan wà nílé ìdáná mi, òun ni wọ́n fi ń dáná níbí. Ẹ ṣáà sọ bí ìyẹ̀fun igbá yín kan ṣe wúwo tó fún mi, n ó mọ èyí tí n ó ṣe. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi jẹ́ ọmọ Òkè-Ìdùn àkọ́kọ́ tí kò ní tọ́ àádùn yín wò."

Ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn, ó wọ ìyá lára ju ìbímọ lọ. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, Bàbá Àrínọlá, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ó ní, "Kí la ó ti ṣe é?"

Ọkọ ní, "Wọ̀n ọ́n."

"Kí ni n ó fi wọ̀n ọ́n?"

"Òṣùwọ̀n."

Ìyá Àrínọlá bu ìyẹ̀fun igbá kan, ó kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ń ra kòkó. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, àpò kòkó ló ń gbé. Wọ́n gbé igbá ìyẹ̀fun lé e. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò mì. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gbé e lé e, kò mì. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Màmá, kò wúwo." Ìyá pe Kánádà lójú ẹsẹ̀, ó ní wọ́n ní kò wúwo. Àrínọlá ní, "Màámi, kò sí nǹkan tí kò wúwo." Ìyá ní tòun ni wọ́n ní kò wúwo, kí ó má bá òun jiyàn, òun wà níbẹ̀.

Ó tún lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín. Ìyẹn kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìyẹ̀fun á ba òṣùwọ̀n òun jẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Kódà tí ẹ ò bá gbé nǹkan kan lé e, á ní ẹja wà níbẹ̀.

Ibi tó ti ń bọ̀ ló ti gba iwájú ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa kọjá. Wọ́n máa ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdé àti Ọjọ́bọ̀. Òṣùwọ̀n náà fi ìkọ́ rọ̀ sára igi àjà, wọ́n á fi ọmọ kọ́ ọ, ọmọ á máa fi ẹsẹ̀ ta, ìyá ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àrínọlá dúró, ó rántí rẹ̀. Ọwọ́ òṣùwọ̀n yẹn máa ń mì dáadáa, ó sì máa ń dúró sójú kan.

Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Ọlátẹ́jú ló ni ibẹ̀. Ẹ ò mọ obìnrin yẹn. Ó fẹ́ràn ọmọ ju ohunkóhun lọ, kì í sì gba gbẹ̀rẹ́. Ọdẹ kan ti gbé ọ̀yà wá wọ̀n níbẹ̀ rí, ohun tí nọ́ọ̀sì fojú rẹ̀ rí, kò padà wá, àní nígbà tí àìsàn ṣe é. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Òṣùwọ̀n yìí, ọmọ nìkan."

Ìyá Àrínọlá lọ sílé, ó jókòó, ó rò ó. Ẹ jẹ́ ká gbà fún obìnrin náà, orí rẹ̀ pé. Igbá kan fúyẹ́ jù, kò sí ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igbá mẹ́ta, ìyẹn tó ọmọ. Bí òun bá wọn mẹ́ta pọ̀, tí òun pín in sí mẹ́ta, òun mọ ìwúwo ọ̀kan. Ẹni tó ti ń pín àádùn fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti kékeré, kí ni pípín máa fi ṣe é?

Lọ́jọ́ Túsìdé, ó jí yan àgbàdo tuntun, torí ìyẹ̀fun tó bá ti sùn mọ́jú a máa fa omi sára, kì í wúwo bí ó ṣe yẹ. Ó lọ̀ ọ́, ó jọ̀ ọ́, ó bu igbá mẹ́ta sínú àpò ìrọ̀rí kan tó mọ́ tónítóní. Ó fi okùn so ó díẹ̀ sísàlẹ̀ ẹnu àpò, ó di ọrùn. Ó dé e ní fìlà òtútù, ó wọ súwẹ́tà fún un, ó fi aṣọ ìnura tó nípọn wé e, ó sì pọ̀n ọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí. Ìyẹ̀fun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan a máa gbóná. Bó ṣe jáde sójú ọ̀nà, ìgbóná yẹn wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, ìwúwo náà sì rọra jókòó síbi tí ọmọ máa ń jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sẹ́yìn, ó ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́. Ó ti rìn dé ìdí igi ọ̀pẹ kó tó mọ̀ pé òun ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlú ṣáà mọ̀ pé Àrínọlá bímọ. Àwọn tó pàdé rẹ̀ rò pé Àrínọlá ti délé, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Màmá." Ó yẹ kó ní kì í ṣe ọmọ. Kò sọ ọ́. Ó ń dáhùn pé, "A dúpẹ́ o," ó sì ń rọra rìn kí ọ̀nà má baà tètè tán. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ilé ìwòsàn, ariwo ọmọ kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ èrò ara rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó ní ọmọ sùn, kí wọ́n má jí i, òun yóò fi í kọ́ fúnra òun. Ó kọ̀yìn sí àwọn ènìyàn, ó fi àpò kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n. "Kìló mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọmọ gidi. Màmá, ìyá rẹ̀ dà?"

"Ó jìnnà. Ó ń sinmi."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan aṣọ ìnura. Ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ara ọmọ yìí gbóná."

"Bí wọ́n ṣe yan án ni," ni Ìyá Àrínọlá wí, ó sì tètè fi kún un pé, "bí wọ́n ṣe bí i ni mo ní lọ́kàn. Ìran wa gbóná."

"Ó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ọdún tí Àrínọlá ti lọ ni ìyá yìí ti fi orúkọ kan pamọ́ sínú fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún Àrínọlá. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn. A kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti gbé kálàmù, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wo ẹnu rẹ̀, ìyẹ̀fun ń fì lókè. Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló wà ní ètè rẹ̀.

Ó ní, "Ìpadéọlá."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ mú abẹ́rẹ́. Kó tó padà, ìyá àgbà ti pọn Ìpadéọlá, wọ́n ti lọ.

Ó pe Kánádà. Ó ní kìló mẹ́ta àti ààbọ̀, pín in sí mẹ́ta. Àrínọlá wọn ìyẹ̀fun, ó pò ó. Kò ṣàn, kò le. Ó kàn ń tú ni, bí iyanrìn. Bí ó bá ti gbé e sókè, á tú dà sílẹ̀. Ìyẹ̀fun ti pọ̀ ju epo lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù, ó ní bóyá ọwọ́ ìyá òun ni kò sí níbẹ̀, bóyá kò sí òṣùwọ̀n kankan tó lè wọn ìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ń wo àpò ìrọ̀rí. Bàbá Àrínọlá tó ń gé èékánná nítòsí ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Fìlà."

"Kí ló ṣe fìlà?"

"O wọ̀n ọ́n mọ́ ọn."

Ó wá yé e. Ó ti wọn fìlà, ó ti wọn súwẹ́tà, ó ti wọn aṣọ ìnura, ó sì ti ní kí ọmọ òun fi gbogbo rẹ̀ po àádùn.

Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣe mọ́, ó tún yan, ó tún lọ̀, ó tún bu igbá mẹ́ta. Ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló fi bò ó lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún gba ọ̀nà jíjìn, ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà tí kò yẹ kó gbà, torí pé ó fẹ́ kó pẹ́ lẹ́yìn òun. Nígbà tó dé ọ̀hún, Nọ́ọ̀sì Ọlátẹ́jú ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá sáré fi àpò kọ́ ìkọ́ kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́.

Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n, ó tún un wò. "Kìló mẹ́ta géérégé. Màmá, ọmọ yìí ti rù. Kí ló ń jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan."

"Láti ọjọ́ Túsìdé?"

"Kì í jẹun, nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ẹ̀dá tó ń jẹun."

"Ṣé ó ń sunkún?"

"Kò sunkún rí."

"Ṣé ó ń tọ̀?"

"Ká má rí i," ni Ìyá Àrínọlá wí. "Bí omi bá kàn án, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ọmọ wà. Ọwọ́ rẹ̀ rì wọlé títí dé ọrùn ọwọ́. Ó yọ ọ́ jáde jẹ́jẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ yìí, pé kò ní egungun, pé òun ń lọ pe dókítà. Bó ṣe yíjú, Ìyá Àrínọlá já Ìpadéọlá kúrò lára ìkọ́. Obìnrin tó ti ń sọ fún wa láti ọdún tó kọjá pé orúnkún ń dun òun, ó sáré gba iwájú ilé mi kọjá bí ẹni tí oyin ń lé. Mo kí i, kò dáhùn.

Ó pe Kánádà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kìló kan," ló sọ. "Igbá mi kan, kìló kan. Má jẹ́ kí n tún padà síbẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé pé. Gbogbo wa kún ilé wọn dẹ́nu. Wọ́n gbé fóònù ti ìkòkò omi lórí àpótí, a sì ń rí Àrínọlá àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ náà nínú aṣọ funfun. Àwo àádùn wà níwájú wọn lọ́hùn-ún, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Tiwa wà níwájú wa níhìn-ín, àwa ti fọwọ́ kàn án dáadáa. Ìyẹ̀fun tí Ìyá Àrínọlá pọ̀n lọ, tó pọ̀n bọ̀, ló fi ṣe é, torí kì í fi oúnjẹ ṣòfò.

Wọ́n ti gbàdúrà, ó ku kí ìyá mú orúkọ tirẹ̀ wá. Ó gba fóònù, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ìgbà náà gan-an ni Nọ́ọ̀sì Ọlátẹ́jú wọlé pẹ̀lú kúlà abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, òógùn bò ó. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ìpadéọlá dà?"

A wo ara wa. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wa.

"Ọmọ tí Màmá yìí gbé wá lọ́jọ́ Túsìdé àti Ọjọ́bọ̀. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń rù, kò ní egungun. Mi ò sùn láti ìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló wà?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Àrínọlá. Ó kàn nàka sí àwo.

Ó ní, "Ó ku díẹ̀."

Ọwọ́ Bàbá Àrínọlá dúró ní agbedeméjì àwo àti ẹnu. Ó wo àádùn, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ta ni mo ń jẹ?" Èmi alára ti jẹ mẹ́ta, mo rọra gbé ewé rẹ̀ sábẹ́ àga. Láti inú fóònù, a gbọ́ ohùn Àrínọlá pé, "Màámi, ṣé ọmọ mìíràn wà nílé ni?"

Ó wá di dandan kí ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí igbá dé orí fìlà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Òṣùwọ̀n yín ni mo fẹ́ yá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe pọ̀n ọ́n, ó ń wúwo bí ọmọ. Bí ẹ ṣe bi mí lórúkọ, mi ò ní òmíràn lẹ́nu. Orúkọ ọmọ-ọmọ mi ni. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, mi ò sì tíì rí i rí."

Nọ́ọ̀sì Ọlátẹ́jú gbé kúlà sílẹ̀. Ó jókòó lé e lórí. Ẹnìkan fi àádùn sí i lọ́wọ́, bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá wọlé, ó sì jẹ ẹ́ láì mọ̀. Ó tún gba òmíràn. Ó wá wo ìyá àgbà náà, ó sọ ọ̀rọ̀ tó di òwe lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Màmá, ẹni tó gbé ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n ọmọ, kó wá orúkọ fún un. Ẹ̀yin ti wá a. Ẹ pè é fún ọmọ náà kó gbọ́." Ó sì lá ewé.

Ìyá Àrínọlá gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Ìpadéọlá," ló pè.

Àrínọlá bu àádùn tirẹ̀ bín-ín-tín. Kò tú, kò ṣàn. Ó fi kan ètè ọmọ, ọmọ náà gbé ahọ́n jáde, ó lá a, ó tún ń wá sí i. Àrínọlá fi ìyókù sẹ́nu ara rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń jẹun lọ. Ó ní, "Màámi, òun ni. Òun gan-an ni."

Ìyá rẹ̀ fi ìka kan iwájú fóònù, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wà. Ó ní, "Mo ti mọ bó ṣe ń wúwo, Àrínọlá. Mo ti pọ̀n ọ́n."

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Ní Túsìdé tó tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì Ọlátẹ́jú gbójú sókè, ó rí Ìyá Àrínọlá lórí ìlà láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kún.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ ti mọ ìwúwo igbá yín. Kí lẹ tún ń wá?"

Ìyá ní, "Àrínọlá pè láàárọ̀. Ó ní wọ́n wọn ọmọ, ó ti kún sí i. Mo ti bu ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lé e, mi ò mọ̀ bóyá ó tó. Ẹ bá mi wò ó, kí n lè máa pọn èyí tó bá a mu."

Àwọn ìyá ọlọ́mọ yíjú wò wọ́n. Wọ́n ń retí kí nọ́ọ̀sì lé e bí ó ṣe lé ọlọ́yà. Nọ́ọ̀sì wò ó pẹ́. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó fi kọ́ ọ, ó sì pè é sókè bó ṣe ń pe gbogbo ọmọ, "Ìpadéọlá."

Ìyá Àrínọlá ní, "Ó ń jẹ́ o."

"Ó ku díẹ̀ kó tó, Màmá. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí ìyẹ̀fun náà fi ju ohun tí ẹ̀yìn ìyá àgbà lè gbé lọ, tí Bàbá Àrínọlá sì ń bá a pọ̀n ọ́n, tó sì ní ká má wo òun. Nítorí náà, tí ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ má rò pé ẹ̀gàn ni. Nílùú tiwa, tí o bá ti wá orúkọ ọ̀hún, a ó bá ọ pè é. Ṣùgbọ́n kó o kọ́kọ́ wá a ná, torí ẹni tó gbé ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n ọmọ, kó wá orúkọ fún un.